Àfurasí Kì í Ṣe Agbésùnmọ̀mí: Èdè Ìròyìn Yorùbá àti Ẹjọ́ Ìgbésùnmọ̀mí ní Nàìjíríà

Ó ti mọ́ wa létí lórí rédíò, ó sì ti mọ́ wa lójú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé "ọwọ́ ti tẹ agbésùnmọ̀mí" ní ìlú báyìí. Gbólóhùn náà kúrú, ó sì ń fi ẹni tí ẹ̀rù ń bà lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú èdè wò ó, a ó rí i pé ẹjọ́ ti parí nínú rẹ̀ kí adájọ́ tó jókòó. Ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ kò tíì fojú ba ilé ẹjọ́. Orúkọ tí a pè é ti dá a lẹ́bi. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè tí a fi ń ròyìn ẹjọ́ ìgbésùnmọ̀mí wà lára ohun tó ń mú kí àìṣòdodo inú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn fún wa láti gbà mọ́ra, àti pé inú èdè Yorùbá kan náà ni irinṣẹ́ àtúnṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ogun ni sùnmọ̀mí: ìkọlù òjijì tí a fi ń kó ènìyàn àti dúkìá. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- olóhùn àárín mọ́ àpólà-ìṣe "gbé sùnmọ̀mí", olùṣe ni a rí, bí a ti rí apẹja, akọrin àti apànìyàn. Irú ọ̀rọ̀-orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé wọ́n ní ẹnìkan ṣe nǹkan. Ohun tó ń sọ ni pé ó ṣe é, àti pé ìṣe náà ti di ìwà tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Afẹ̀míṣòfò tí àwọn oníròyìn mìíràn ń lò kò yàtọ̀ sí i.

Àfurasí ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tí a fura sí. Àfòmọ́ à- olóhùn ìsàlẹ̀ ni mo fi kọ ọ́, nítorí òun ló wà nínú àyànfẹ́ àti àkọ́bí, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń tọ́ka sí ẹni tí a ṣe nǹkan sí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í fi àmì sí i rárá. Àwọn mìíràn a sì fi ohùn àárín pè é. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí mo tọ́ka sí yìí, afurasí olóhùn àárín ni ẹni tó ń fura. N kò sọ pé ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ ṣàṣìṣe, nítorí ìlò ló ni èdè. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ ohùn kan ṣoṣo yìí rán wa létí ibi tí ìfura wà: ọkàn ẹni tó ń fura ni, kì í ṣe ara ẹni tí a fura sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá gírámà. Abala 36(5) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìlẹ́bi ni a ó ka ẹnikẹ́ni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí, títí a ó fi fi ẹ̀rí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Abala 36 yìí kan náà ló ní kí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba, láàárín àkókò tó bójú mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣàtúnṣe ní ọdún 2013 sí òfin ìdènà ìgbésùnmọ̀mí ti ọdún 2011, a fún ilé ẹjọ́ ní agbára láti fọwọ́ sí i pé kí a ti àfurasí mọ́lé fún 90 ọjọ́, kí a sì máa tún iye ọjọ́ náà ṣe títí ìwádìí àti ẹjọ́ yóò fi parí. Ohun tí òfin ńlá fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, òfin kékeré fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Ẹni tí a bá sì ti ń pè ní agbésùnmọ̀mí láti ọjọ́ kìíní, ta ni yóò bá a ka ọjọ́?

Ẹjọ́ tó wáyé ní bárékè àwọn ológun ní Kainji, ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, fi ohun tí mò ń wí hàn. Adájọ́ mẹ́rin láti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló jókòó. A kò gba oníròyìn àti ará ìlú láàyè láti wọlé. Iye àwọn tí a gbé wá síwájú wọn, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kéde rẹ̀, jẹ́ 575. A dá 45 lẹ́bi, a dá 468 sílẹ̀, a fagi lé ẹjọ́ 34, a sì ní kí 28 lọ jẹ́jọ́ ní Àbújá tàbí Minna. Bí a bá pín wọn sí márùn-ún-márùn-ún, ó ju mẹ́rin lọ nínú márùn-ún tí a dá sílẹ̀. Orúkọ tí èdè ìròyìn fún gbogbo wọn kò bá púpọ̀ jù lọ nínú wọn mu. Síbẹ̀, a kò sọ fún àwọn 468 náà pé kí wọ́n máa lọ sílé wọn ní wọ́ọ́rọ́wọ́. A ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀kọ́ ìyípadà ọkàn, bí ẹni pé ìdásílẹ̀ kò tó láti bọ́ orúkọ náà kúrò lára wọn.

A tilẹ̀ lè sọ pé àwọn wọ̀nyí rí ilé ẹjọ́. Àjọ Amnesty International sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 pé ó ju 7,000 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin lọ tó ti kú sí àtìmọ́lé àwọn ológun láti oṣù Kẹta ọdún 2011. Kò sí adájọ́ tó dá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lẹ́bi.

Nínú ìpele tó tẹ̀ lé e ní ọdún 2018, àjọ Human Rights Watch kíyè sí i pé àwọn kan jẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n tún ọkọ̀ ṣe fún Boko Haram, tàbí wọ́n fọ aṣọ wọn, tàbí wọ́n fún wọn ní oúnjẹ. Ẹnìkan lè rán wa létí òwe wa níhìn-ín: ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òwe náà lágbára, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ nítorí pé ó tako wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀. Gbígbà jẹ́ ìṣe ẹni tó lè kọ̀. Ẹni tó ń gbé ní abúlé tí àwọn oníbọn ti ń ṣàkóso, tí wọ́n kó aṣọ lé lórí pé kó fọ̀ ọ́, kò gba epo. Wọ́n gbé e rù ú ni. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni láti mọ̀ bóyá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gbà á tàbí wọ́n gbé e rù ú. Ẹjọ́ tí a ń dá ní ìkánjú, tí ìjẹ́wọ́ jẹ́ òpó rẹ̀, tí ògbufọ̀ tó yanrantí kò sì sí níbẹ̀, kò lè mọ ìyàtọ̀ náà.

Ìjẹ́wọ́ gan-an tún jẹ́ ibi tí èdè ìròyìn wa ti ń ṣìnà. "Ó ti jẹ́wọ́," "ó ń ka boroboro": báyìí ni a ṣe máa ń ròyìn ẹni tí àwọn agbófinró tò síwájú kámẹ́rà. Bí mo bá sọ pé ẹnìkan jẹ́wọ́, èmi fúnra mi ti gbà pé òótọ́ ni ohun tó sọ; bí mo bá sọ pé àwọn ọlọ́pàá ní ó jẹ́wọ́, mo fi ẹrù náà sílẹ̀ lórí ẹni tó ni ín. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de títo àfurasí síwájú oníròyìn láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n òfin kan kò lè dí ẹnu èdè. Bákan náà ni "wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n", tí a ń lò fún ẹni tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Òótọ́ ni pé ọgbà kan náà ni a sábà máa ń kó wọn sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ni ìyà tó tẹ̀ lé ìdájọ́, àtìmọ́lé sì ni ìdúró tó ṣáájú rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A ti lo òwe yìí tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa ti di sí i, ṣùgbọ́n ó bá ìṣe òde òní mu ju bí a ti rò lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìfòfindè ẹgbẹ́ IPOB. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí Islamic Movement in Nigeria. Lórí ẹ̀bẹ̀ apá kan ni àṣẹ méjèèjì ti jáde: ìjọba nìkan ló sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù lè ní èrò tirẹ̀ nípa ẹgbẹ́ méjèèjì. Òfin sì fàyè gbà wọ́n láti wá tako àṣẹ náà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀, orúkọ ti mọ́ wọn lára, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán sì ti di ohun tí a lè torí rẹ̀ fẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí kan ènìyàn.

Àwọn kan yóò bi mí léèrè pé ṣé mo ti gbàgbé Ọ̀wọ̀. N kò gbàgbé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa nǹkan bí 40 olùjọ́sìn nínú ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní ìlú náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, a gbé ènìyàn márùn-ún lọ sí ilé ẹjọ́ ní Àbújá lórí ọ̀ràn yìí; wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Àwọn tó sin òkú wọn ní Ọ̀wọ̀ ni ìdájọ́ òdodo ṣe pàtàkì sí jù lọ. Bí a bá dá ẹni tí kò ṣe é lẹ́bi, ẹni tó ṣe é ń rìn ní ìgboro nìyẹn, ẹjọ́ sì ti parí, kò sẹ́ni tó tún ń wá a. Ìlànà tó ń dáàbò bo olùjẹ́jọ́ ló ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ láti mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníròyìn, àwọn ògbufọ̀ àti àwa olùkọ́ tó ń kọ́ wọn kò pọ̀. Kí àfurasí jẹ́ àfurasí títí a ó fi gbé e dé ilé ẹjọ́. Kí ó di olùjẹ́jọ́ níbẹ̀. Kí àtìmọ́lé má ṣe máa jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Bí adájọ́ bá ti gbọ́ tẹnu méjèèjì, tó sì dá a lẹ́bi, orúkọ agbésùnmọ̀mí wà níbẹ̀ tí a ó fi pè é. Kò ní sá lọ. Bí a bá sì dá a sílẹ̀, kò ní sí orúkọ burúkú kankan tí yóò máa bá a relé.