Ta Ni Ó Kan Ilẹ̀kùn? Àyẹ̀wò Bí Ìkànnì Ayélujára Ṣe Ń Pe Kọ̀ǹpútà Ní Fóònù

Ìfáàrà

Ní àwùjọ Yorùbá, ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí yóò kí ènìyàn ní láti kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ‘o’ ni yóò lò tàbí ‘ẹ’. Bí ọmọdé bá wí fún àgbàlagbà pé ‘o káàárọ̀’, ìtumọ̀ ìkíni náà yé gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó bà jẹ́ ni pé ẹni tí ó ń kíni kò mọ ẹni tí ó ń kí. Irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàárín ọmọ ènìyàn. Ohun tí a ní lọ́kàn ni bí ìkànnì ayélujára ṣe máa ń rí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí yóò sì kí i bí ẹni pé fóònù alágbèéká ni.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè ti rí ìyọnu yìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọn ó pè é. Olùkọ́ yóò ṣí ìwé atúmọ̀-èdè tí ó wà lórí ayélujára. Dípò ojú-ewé tí ó fẹ̀, òpó ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò rí ní àárín, pẹ̀lú bọ́tìnnì ràgàjì tí a ṣe fún àtàǹpàkò. Àkójọ àkòrí tí ó yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kó sábẹ́ ìlà kékeré mẹ́ta. Kí ni ó fa èyí? Ta ni ó jẹ̀bi? Kí sì ni òǹkàwé lè ṣe sí i?

Oríkì tí bùráúsà ń kì

Nígbà tí bùráúsà, ìyẹn ẹ̀rọ aṣàwákiri tí a fi ń ka ayélujára, bá kan ilẹ̀kùn ìkànnì kan, ó máa ń sọ ẹni tí òun í ṣe. Gbólóhùn ìdánimọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní User-Agent. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìlànà HTTP/1.0 tí ó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1996. Iṣẹ́ mẹ́ta ni àkọsílẹ̀ náà yàn fún un: kí a lè fi ka àwọn tí ó wá, kí a lè fi wá orísun àṣìṣe, kí a sì lè tún ìdáhùn ṣe fún bùráúsà tí agbára rẹ̀ kò ká nǹkan kan.

Bí a bá wo gbólóhùn tí Chrome ń sọ lórí kọ̀ǹpútà Windows, a ó rí i pé ó dárúkọ Mozilla, Windows, AppleWebKit, KHTML, Gecko, Chrome àti Safari, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹni tí ó gbọ́ oríkì rí yóò mọ̀ pé oríkì ni èyí. Àwọn ará wa tí ó ń sọ Hausa yóò ní kirari ni. Ṣùgbọ́n oríkì tí ó ṣàjèjì ni, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí a kì níbẹ̀ kì í ṣe baba ńlá ẹni tí ó ń kì wọ́n.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣòroó tọpa. Ní ọdún 1993 ni Mosaic jáde ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ Netscape gbé tirẹ̀ jáde, ó sì ń fi Mozilla dárúkọ ara rẹ̀. Netscape mọ ọ̀nà láti pín ojú-ewé kan sí yàrá púpọ̀, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìkànnì wá fi oníbodè sẹ́nu ọ̀nà: ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní Mozilla ni wọn yóò fún ní ojú-ewé tí ó dára. Nígbà tí Internet Explorer dé ní ọdún 1995, òun náà pe ara rẹ̀ ní Mozilla, kí wọ́n má baà lé e sẹ́yìn. KHTML ní òun dà bí Gecko. Safari, tí ó jáde ní ọdún 2003, ni a kọ́ lé KHTML lórí, ó sì kó gbogbo orúkọ náà mọ́ra. Chrome jáde ní ọdún 2008, ó fi orúkọ Safari kún un.

Níhìn-ín ni a ti fẹ́ sọ èrò wa. Ó rọrùn láti pe àwọn bùráúsà ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bùráúsà ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀, oníbodè ni. Nígbà tí a bá sọ orúkọ di kọ́kọ́rọ́, gbogbo ẹni tí ó fẹ́ wọlé ni yóò máa jẹ́ orúkọ náà, orúkọ náà kò sì ní í sọ ohunkóhun fún wa mọ́.

Bí a ṣe ń ṣi orúkọ gbọ́

Oníbodè ìgbà tiwa kì í ka gbogbo oríkì náà. Ohun tí ó sábà ń ṣe ni pé yóò máa wá ègé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀: bí ó bá rí Mobi, ó di fóònù, bí ó bá rí Tablet, ó di pátákó alágbèéká. Ní ìgbà Windows 7, ọ̀rọ̀ náà Tablet PC 2.0 máa ń wà nínú gbólóhùn tí Internet Explorer ń sọ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò kúrò lórí tábìlì rí. Ẹ̀rọ tí a kọ́ pé kí ó máa wá Tablet kò ní í mọ ìyàtọ̀. Bákan náà, irú fóònù kan wà tí ń jẹ́ Cubot. Ẹ̀rọ tí ó ń wá bot, èyí tí í ṣe orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí ń rìn káàkiri ayélujára láìsí ènìyàn nídìí wọn, lè mú ẹni tí ó ni fóònù náà bí ẹni tí kì í ṣe ènìyàn.

Àwa onímọ̀ èdè mọ àìsàn yìí. Òun ni ó ń ṣe ẹni tí ó ka k-o láàárín fáwẹ̀lì láìka ohùn sí. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di ọ̀kan náà lójú rẹ̀, yóò sì fi ọkọ́ ìroko fún ẹni tí ó ń wá ọkọ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ègé ni ó gbọ́, ó sì ti dájọ́ lórí ègé.

Àṣìmọ̀ náà sì máa ń lọ sí ìhà kejì. Ní ọdún 2019, nígbà tí iPadOS 13 jáde, Safari orí iPad bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà Macintosh, kí àwọn ìkànnì má baà fún un ní ojú-ewé fóònù mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ nìkan ya iPad sọ́tọ̀ kúrò lára Mac ń fi agbọ̀n pọnmi ni.

Nígbà tí ìbú fèrèsé bá di onídàájọ́

Ọ̀nà kejì wà tí ó sàn ju èyí lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, Ethan Marcotte kọ àròkọ kan nínú ìwé àtìgbàdégbà A List Apart, níbi tí ó ti dábàá pé kí ojú-ewé kan náà máa tún ara rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí àyè tí ó bá bá. Ohun tí a ń bi bùráúsà léèrè kì í ṣe orúkọ rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe bí fèrèsé rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀nà yìí wo ilé.

Síbẹ̀, ọ̀nà yìí náà ní àléébù tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú iṣẹ́ tèmi. Mo ń fi àkójọ ọ̀rọ̀ kan tí ó wà lórí ayélujára kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òpó mẹ́ta ni ó ní: ọ̀rọ̀, àmì ohùn, àti ìtumọ̀. Nítorí ojú mi tí kò ríran dáadáa mọ́, àti nítorí àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn, mo sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì. Òpó ohùn bá pòórá. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tí ó ni ìkànnì náà ni ó yọ ọ́ kúrò, àfi ìgbà tí mo dá lẹ́tà padà sí bí ó ti wà tí òpó náà tún yọjú.

Ìdí rẹ̀ kò le. Fèrèsé tí ó fẹ̀ tó píkísẹ̀lì 1366 yóò di 683 lójú ìkànnì nígbà tí a bá sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ni ó sì fi 768 ṣe ààlà láàárín ẹ̀rọ kékeré àti ńlá. Ẹni tí ó sọ lẹ́tà di ńlá nítorí ojú rẹ̀ ti di ẹni tí a kà sí oní-fóònù. A kò gbọdọ̀ sọ pé títún ojú-ewé tò ni ó burú. Ìlànà WCAG 2.1 ti ọdún 2018 béèrè pé kí ọ̀rọ̀ lè tún ara rẹ̀ tò títí dé ìbú 320, kí àwọn tí ojú wọn kò dára lè kà láìwọ́ ojú-ewé síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ní kí ohunkóhun má sọnù nínú àtúntò náà. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà gan-an nìyẹn: ẹni tí ó yọ òpó ohùn kúrò rò pé àyè kékeré ni ìmọ̀ kékeré.

Bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí òǹkàwé, kí ó máa tẹ̀ lé ètò, kí ó má fo ìpele kankan. Èkíní, kí ó wo àdírẹ́sì. Bí lẹ́tà m àti àmì ìdánudúró bá ṣíwájú orúkọ ìkànnì, ẹni kan ni ó fi ìtọ́kasí náà ránṣẹ́ láti orí fóònù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń ka Wikipedia. Kí ó yọ m náà kúrò. Èkejì, kí ó mú fèrèsé fẹ̀, kí ó sì tẹ Ctrl àti 0 pọ̀, kí lẹ́tà lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó wò ó bóyá ó ti ṣèèṣì ṣí irinṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ìkànnì fi ń sín fóònù jẹ, tàbí bóyá àfikún kan wà nínú bùráúsà rẹ̀ tí ń pa orúkọ dà. Ẹ̀kẹrin, kí ó pa kúkì ìkànnì náà rẹ́, nítorí ó lè jẹ́ pé ohun tí a yàn tẹ́lẹ̀ ni ìkànnì ṣì ń rántí. Ẹ̀karùn-ún, kí ó fi bùráúsà mìíràn dán an wò. Bí ó bá rí bákan náà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ náà wà lọ́dọ̀ ìkànnì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà tí a tọ́jú fún fóònù ni wọ́n ń fún gbogbo ẹni tí ó bá dé. Kí ó kọ̀wé sí wọn, kí ó sì sọ àdírẹ́sì, irú bùráúsà, ìbú fèrèsé àti ìwọ̀n lẹ́tà.

Àwọn kan yóò ní kí òǹkàwé kúkú pa orúkọ bùráúsà rẹ̀ dà. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ tuntun ni a fi ń tún irọ́ àtijọ́ ṣe. Ìlànà HTTP ti ọdún 2022, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ RFC 9110, rọ àwọn tí ń ṣe bùráúsà pé kí wọ́n má fi orúkọ ẹlòmíràn pe ara wọn. Láti ọdún 2021 ni Chrome ti ń sọ ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ bóyá orí fóònù ni òun wà. Ìtẹ̀síwájú ni, bí kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo bùráúsà ni ó ń sọ ọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a rí nínú àyẹ̀wò yìí ni pé àṣìmọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan. Ènìyàn ni ó kọ́kọ́ pinnu pé oríṣi òǹkàwé méjì ni ó wà, pé ọ̀kan yẹ fún odindi ìwé, pé èkejì yẹ fún ègé. Bí ó bá jẹ́ odindi ni a fún àwọn méjèèjì, ṣíṣi kọ̀ǹpútà mú fún fóònù kò ní í ju kí ojú-ewé burẹ́wà díẹ̀ lọ. A ó ṣe sùúrù fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kò ní kọ̀ǹpútà rárá, fóònù nìkan ni wọ́n fi ń kàwé. Òpó ohùn tí ó pòórá lójú mi ní ọjọ́ kan yẹn, àwọn kò rí i rí.