Ìjà Tọkọtaya: Ta ni Yóò Ru Ìtìjú Rẹ̀?

Òǹwòran tó bá mọ eré The Taming of the Shrew tí Shakespeare kọ kò ní pẹ́ dá a mọ̀ nínú McLintock!, fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí Andrew V. McLaglen darí ní 1963. Ilẹ̀ àwọn darandaran ní Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé ìtàn náà lọ. John Wayne ni G.W. McLintock, bọ̀rọ̀kìnní onímàlúù tí gbogbo ìlú ń wárí fún. Maureen O'Hara ni Katherine, ìyàwó rẹ̀ tó ti kó jáde láti ọdún méjì sẹ́yìn nítorí ó fura pé ọkọ òun ń yan àlè. Ó padà wá torí ìkọ̀sílẹ̀ àti torí Becky, ọmọ wọn tó ń ti ilé-ìwé bọ̀.

Ìran ìjà inú ẹrẹ̀ ni fíìmù náà fi lókìkí jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ta ẹnì kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ni olówó àti alágbàṣe bá ń yọ̀ ṣùrùrù wọnú ẹrẹ̀, Katherine náà kò gbẹ́yìn. Níbẹ̀, ẹ̀rín kò mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù. Àmọ́ nígbà tí ìtàn ń lọ sópin, ẹ̀rín náà wá yan ẹni tí yóò dójú tì. McLintock lé ìyàwó rẹ̀ káàkiri ìlú, aṣọ abẹ́ nìkan ló kù lára obìnrin náà, àwọn ará ìlú ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ṣọ́bìrì èédú nà án nídìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ Becky ti fi irú rẹ̀ jẹ Becky ṣáájú. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ni. Katherine gbà, ó padà sílé, ẹ̀sùn àlè kò sì rí ìgbẹ́jọ́ gidi.

Ní ìlú Ọ̀wọ̀, ìtàn ìyàwó mìíràn tó bínú kúrò nílé ọlọ́lá kò ṣàjèjì. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, olorì Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n tó jẹ́ Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹni tó ti oko dé kò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ rú wọn. Ó jáde, àwọn ará ààfin lé e, ọwọ́ wọn kò tẹ̀ ẹ́ mú padà. Igbó Lájà ni wọ́n ní ọ̀já orí rẹ̀ bọ́ sí; ibẹ̀ náà ni awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti wú àwọn ère alámọ̀ jáde ní 1971, ère tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ọdún Igógo ni Ọ̀wọ̀ fi ń ṣe ìrántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n fún ọjọ́ 17. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a dirun bí obìnrin, a kó iyùn sára. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, ìlù a dákẹ́, agogo nìkan ni yóò máa dún.

A kò gbọdọ̀ pọ́n Igógo ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtàn náà di ẹ̀bi ru àwọn obìnrin, ọkọ sì bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn fò, ayẹyẹ padà sí i: ẹni tó ni ààfin ló ń yí ìmúra padà níwájú ìlú, lọ́dọọdún, nítorí aya tí kò padà wá. Agbára McLintock kò sọ nǹkan kan nù. Ti Ọlọ́wọ̀ a rẹra sílẹ̀ kí àlàáfíà tó wọ̀lú.

Òdiwọ̀n yìí wúlò fún àwọn fíìmù àgbéléwò tiwa pẹ̀lú, nínú èyí tí ìyàwó sábà máa ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí eré tó parí. Eré tó bá fẹ́ parí ìjà tọkọtaya lójú wa gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tí agbára pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ san nínú gbèsè náà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ kò parí. Wọ́n kàn fi ẹ̀rín bò ó ni.