Ọ̀bẹ Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Kú

Ní Ìgbògbò, létí ọ̀sà, ta ni ẹ̀fọn kì í lé wọlé nírọ̀lẹ́? Síbẹ̀ abo nìkan ló ń jẹni, torí ẹ̀jẹ̀ ló fi ń yé ẹyin. Ẹ tẹjú mọ́ èyí tó bà sára ògiri: bí irun bá kún ìwo orí rẹ̀ wúruwùru, akọ ni. Omi òdòdó ni oúnjẹ tirẹ̀.

Lára ẹ̀fọn tó ń fún wa ní ibà, bàbá ló ń pín akọ àti abo. Ìdajì àtọ̀ rẹ̀ gbé krómósómù X, ìyẹn á di abo. Ìdajì tó kù gbé Y, á di akọ. Ní 1928, Gershenson, onímọ̀ Sófíẹ̀tì, ròyìn akọ eṣinṣin Drosophila kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé abo nìkan ló ń bí. X rẹ̀ ló ń dínà mọ́ Y.

Roberto Galizi, Nikolai Windbichler, Andrea Crisanti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, wá yí ọ̀rọ̀ náà padà, wọ́n dojú ìjà kọ X. Wọ́n fi ẹ́ńsáìmù I-PpoI, tó ń gé krómósómù bí ọ̀bẹ, sínú Anopheles gambiae, ọ̀kan lára ẹ̀fọn ibà. Orí X ẹ̀fọn yìí ni ibi tó ń gé pọ̀ sí. Bí àtọ̀ bá ti ń hù lára akọ, ọ̀bẹ náà ti ń ṣá X wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kó lè jẹ́ pé àtọ̀ tó gbé Y ló máa bímọ.

Àmọ́ nígbà àkọ́kọ́, ní 2008, ó mú jù. Ó bá àtọ̀ wọnú ẹyin, ó gé X tìyá náà, ọmọ kò sì yè. Ibí yìí ni iṣẹ́ wọn ti wú mi lórí jù. Wọn ò wá ọ̀bẹ mìíràn. Èyí náà ni wọ́n tún ṣe kí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú: kó gé X lára bàbá, kó sì ti kú kó tó ba tìyá jẹ́. Oríṣiríṣi ni wọ́n dán wò. Ní 2014, ó bọ́ sí i: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, márùndínlọ́gọ́rùn-ún jẹ́ akọ. Wọ́n tú irú akọ bẹ́ẹ̀ sínú àgò ẹ̀fọn márùn-ún. Kí ìran kẹfà tó parí, àgò mẹ́rin ti ṣófo, torí abo ti tán.

Wọn ò gbé ọ̀bẹ náà sórí Y. Ìdajì àwọn ọmọ ló ń jogún rẹ̀, nítorí náà bí a bá dáwọ́ títú irú akọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ dúró, á máa dín kù títí á fi tán. Mo ka èyí sí ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ wọn, torí ìlú tí wọ́n bá fẹ́ tú ẹ̀fọn sí gbọ́dọ̀ lè sọ pé ó tó.