Kí Ló Dé Tí Mo Fi Pa Gutenberg

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi Gutenberg kọ̀wé lórí WordPress, ó ya. Látìgbà tí WordPress 5.0 ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sọ gbogbo àròkọ dà. Ìpínrọ̀ kan, búlọ́ọ̀kù kan. Ẹ tẹ Enter, òmíràn ti dé. (Orúkọ ará Jámánì tó tẹ Bíbélì ni wọ́n fún un, àmọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe!) Ó dára fún ẹni tó fẹ́ to àwòrán sójú ewé, mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ Yorùbá a máa padà sẹ́yìn ṣáá láti fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí mo bá ti padà báyìí, ọ̀pá irinṣẹ́ á yọjú, á bo ìlà tí mò ń wò lókè. Kí ni mo fẹ́ fi irinṣẹ́ ṣe?

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn aláàbọ̀ ara. Ní oṣù Kẹwàá 2018, Rian Rietveld, tó ṣáájú àwọn tó ń rí i pé WordPress rọrùn fún wọn, fipò sílẹ̀. Ó ní wàhálà Gutenberg wà lára ohun tó fà á. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ṣáà gbé e jáde.

Plugin tó ń jẹ́ Classic Editor ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ tan án. Àwọn àròkọ tẹ́ ẹ ti fi Gutenberg kọ ò ní sọnù. Àmì búlọ́ọ̀kù lẹ máa rí bẹ́ ẹ bá wo HTML wọn.