Aláfọ̀ṣẹ Inú Eré Dungeons & Dragons: Àgbéyẹ̀wò Láti Ojú Awo

Iṣẹ́ tí a gbé wá sí iwájú ọpọ́n lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn àgbà awo lẹ́nu, nítorí eré ni. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀; Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é: ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ẹ̀dá kan, wọ́n á máa fẹnu sọ ìtàn, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yọrí. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Àfọ̀ṣẹ wà lára iṣẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá náà. Bí ọmọ awo kan bá fẹ́ fi babaláwo kún un lọ́la, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wa ti wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni a ó kọ́kọ́ yanjú. Wizard ni wọ́n ń pe ẹ̀dá yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ á ní oṣó ni. A kò gbà. Oṣó tiwa kì í ka ìwé kó tó ní agbára. Ti inú eré yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni, inú ìwé ló ń kọ ọfọ̀ rẹ̀ sí. Ọ̀mọ̀wé ọlọ́fọ̀ ló yẹ ká pè é. Nínú ìwé òfin eré náà ti ọdún 2014, ẹ̀ka 8 ni ó lè yàn nínú rẹ̀. Ìwé ti ọdún 2024 dín in kù sí 4. Àfọ̀ṣẹ wà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ka náà. Bí aláfọ̀ṣẹ bá sùn tó jí, yóò ju dáìsì olójú 20 lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bí òun, ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá tí ojú rẹ̀ tó bá fẹ́ ju dáìsì, ó lè fi nọ́ńbà tó ti rí láàárọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bó bá dé ìpele 14, nọ́ńbà mẹ́ta ni yóò máa rí. A gbọ́dọ̀ yìn wọ́n níbí. Nọ́ńbà náà ti wà nílẹ̀, kò ṣeé yí padà. Ọgbọ́n aláfọ̀ṣẹ ni kó mọ ibi tí yóò lò ó sí. Èyí tí kò dára pàápàá wúlò, ọ̀tá ló máa dì í rù.

Àmọ́ ibi tó kù sí rèé. Lójú dáìsì, 20 ni ọlá, 1 ni òfò. Odù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwẹ́ 8 ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó lè dé, òun ló fi jẹ́ odù 256. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ire látòkè délẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ibi nìkan. Ìbò ló ń yà á sọ́tọ̀. Odù ní ẹsẹ, ẹsẹ ní ìtàn, ẹni tó wá dáfá ló sì máa sọ pé, "Baba, ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi wà." Nọ́ńbà inú eré kò ní orúkọ, kò ní ìtàn, kò sì sí ẹni tó wá bèèrè.

Ọfọ̀ kan wà níbẹ̀, Augury, tó sún mọ́ tiwa jù ú lọ. Ẹni tó pè é yóò bèèrè nípa ohun tó fẹ́ ṣe láàárín 30 ìṣẹ́jú tó ń bọ̀. Èsì rẹ̀ lè jẹ́ ire, ibi, ire pẹ̀lú ibi, tàbí kó má jẹ́ ọ̀kankan. Àlùfáà inú eré ló ni ín ní 2014. Ní 2024, ó kan ọ̀mọ̀wé náà. Ire àti ibi! Ẹni tó mọ ìbò á rò pé ilé lòun wà. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní ibi, ó tán nìyẹn. Babaláwo tó rí ibi tí kò wá ẹbọ rẹ̀, ṣé ó ti ṣiṣẹ́?

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀ka tó jọ ti awo, kó lo ohun olójú méjì 8 dípò dáìsì. Kó jẹ́ pé ẹlòmíì tó ń bá a ṣeré ló máa wá bèèrè. Kí èsì jẹ́ ìtàn bíi mélòó kan, kí abèèrè mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bí ibi bá yọ, kí abèèrè fi ohun kan tó dùn ún sílẹ̀, kí ibi lè yẹ̀. Bó bá kọ̀, kí olùdarí eré jẹ́ kó ṣẹ.

Àwọn kan á ní èèwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìlànà nìkan ni a ní kí wọ́n yá. Ẹsẹ ifá, ìyẹ̀rẹ̀ àti ikin tí a ti bọ kò gbọdọ̀ wọ inú eré, torí ìtẹ̀fá la fi ń gbà wọ́n. Ní ọdún 2005 ni UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára ogún ńlá aráyé. Bí àwa tó ń jókòó nídìí rẹ̀ bá dákẹ́, ẹni tí kò mọ ìbò ni yóò ṣètò babaláwo fún àwọn ọmọ wa, yóò sì sọ ọ́ di ẹni tó ń há nọ́ńbà sápò. Kí àwa awo bá àwọn ọ̀dọ́ wa jókòó ti tábìlì náà, ká wo ohun tí wọ́n ń ṣe.