Ta Ló Ni Etí Omi? Lámèyítọ́ Iṣẹ́ Ìlú-Kíkọ́ Nínú Géèmù

Bí ẹni tó ń gbá géèmù Cities: Skylines bá fẹ́ dá ìlú etí omi sílẹ̀, ilẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ ni géèmù náà máa ń kọ́kọ́ gbé ka iwájú rẹ̀. Igi wà, òkè wà, omi ń dán, títì márosẹ̀ kan sì ti gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Kò sí abúlé, kò sí ojúbọ, kò sí itẹ́ òkú, kò sí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ibẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹjọ́ tí mo ní bá a rò ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà ni mo pè é, kì í ṣe eré ọmọdé. Lọ́dún 1989 ni Will Wright gbé SimCity jáde ní Amẹ́ríkà. Géèmù ogun kan ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó wá rí i pé yíya àwòrán ilẹ̀ tí ogun náà ti máa ṣẹlẹ̀ dùn mọ́ òun ju ogun náà lọ. Ó ka ìwé tí Jay Forrester kọ ní 1969 lórí bí ìlú ṣe ń dàgbà tó sì ń rọ̀, ó sì fi ìṣirò inú rẹ̀ ṣe ọpọlọ géèmù tuntun náà. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Tampere lórílẹ̀-èdè Finland, Colossal Order, gbé Cities: Skylines síta, òun ló sì gba ipò iwájú lọ́wọ́ SimCity. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ìlú kan ṣoṣo tí kò sí níbì kankan láyé. Wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á pìtàn ìdásílẹ̀ fún un, wọ́n á to igi etí títì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ya àwòrán àti fídíò rẹ̀ fún aráyé wò. Ìlú etí omi ló wọ́pọ̀ jù nínú irú àfihàn bẹ́ẹ̀, nítorí omi máa ń sọ ilé gogoro kan di méjì.

Bí a bá wá fẹ́ ṣèdájọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ká wò? Àwọn tó ń gbóríyìn fún un sábà máa ń wo bí ilé ṣe ga tó àti bí afárá ṣe tẹ̀ kọdọrọ. Èmi ní etí omi ni ká wò, ibi tí ilẹ̀ àti omi ti pàdé, ká sì bi í léèrè ẹni tó láǹfààní láti dúró níbẹ̀. Mi ò mọ ibi tó dáa ju Abidjan ní Côte d'Ivoire lọ láti dán ìdíwọ̀n yìí wò. Ọ̀sà Ébrié ló gé ìlú náà sí wẹ́wẹ́. Plateau dá dúró ní tirẹ̀, Cocody ń wò ó láti òdìkejì, Treichville wà ní ìsàlẹ̀, Yopougon sì na gbalaja sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ará Èjìgbò tó kún Abidjan láti ìran dé ìran, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anango, mọ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè ra ọjà ní Adjamé kó sì tà á ní Treichville kó má gba orí omi kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin géèmù náà níbi tó ti yẹ. Omi inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn sílẹ̀ lásán. Ó ń ṣàn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó ń kún, ó ń fà, bí wọ́n bá sé e níbì kan, á ya gba ibòmíràn. Ẹni tó bá ri páìpù omi ẹ̀gbin sí apá òkè, tó wá ri èyí tó ń fa omi mímu sí apá ìsàlẹ̀, kò ní pẹ́ rí àbọ̀ rẹ̀. Omi náà á di àwọ̀ ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà á máa rá pálá bọ̀ lójú omi títí á fi dé ẹnu páìpù kejì. Kò ní pẹ́ tí àmì àìsàn á fi máa yọ lórí ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, tí ọkọ̀ aláìsàn á máa sáré, tí àwọn èèyàn á sì máa kó jáde nílùú. Kò sẹ́ni tó kà á fún un nínú ìwé, omi fúnra rẹ̀ ló fi hàn án. Mo ka èyí sí ẹ̀kọ́ gidi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí etí omi Cocody gan-an nìyẹn. Àgbàrá tí odò Gourou ń kó bọ̀ láti Abobo àti Adjamé, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, ìdọ̀tí àti omi ilé, ló dà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí omi fi di ẹrẹ̀ tó ń rùn, kó tó di pé ìjọba Côte d'Ivoire àti ti Mòrókò jọ dáwọ́ lé àtúnṣe rẹ̀.

Géèmù náà tún mọ̀ pé omi kì í gbàgbé ohun tí wọ́n bá ṣe sí i. Lọ́dún 1950, wọ́n la ilẹ̀ tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà já ní Vridi. Ọ̀nà omi náà gùn tó bíi kìlómítà 3, òun ló sì jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńláńlá lè wọlé. Wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí ní Port-Bouët, ní nǹkan bí ọdún 1904 sí 1907, iyanrìn sì dí i pa. Èyí tí kò dí yìí sọ Abidjan di èbúté tó lókìkí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àmọ́ iyọ̀ òkun wọ inú ọ̀sà, ẹja inú rẹ̀ yàtọ̀, ẹnu omi tó wà ní Grand-Bassam látọjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ẹni tó bá ti la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú géèmù, tó sì rí i bí etí omi tó wà lókèèrè ṣe yí padà, á tètè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Vridi kò fi tán lẹ́nu àwọn apẹja.

Níbi tí ìyìn mi ti tán nìyí. Géèmù náà mọ ìwà omi, kò mọ àwọn ọmọ olómi.

Kí Faransé tó sọ Abidjan di olú-ìlú ní 1934, àwọn Tchaman, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ébrié, ti ń gbé yí ọ̀sà náà ká. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń pẹja níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọjọ́-orí mẹ́rin ni wọ́n ní, Bléssoué, Gnando, Dougbo àti Tchagba, àṣẹ abúlé sì ń ti ọwọ́ ìran kan bọ́ sọ́wọ́ ìran tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ijó, aṣọ àti ayẹyẹ. Nígbà tí ìlú òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, wọ́n ṣí àwọn abúlé kan nípò. Anoumabo wà níbi tí Treichville wà lónìí. Wọ́n kó o lọ sí apá Marcory, ibi tí ẹgbẹ́ olórin Magic System wá dá àjọ̀dún FEMUA sílẹ̀ sí ní 2008, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ́ lọ láìmọ̀ pé abúlé tí wọ́n ṣí nípò ni àwọn ń jó nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí géèmù bá fi ilẹ̀ òfìfo hàn mí, mi ò lè gbà pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán ni. Èrò kan nípa ìlú ló wà nínú rẹ̀, èrò pé ìgbà tí oníṣirò dé ni ìtàn ìlú bẹ̀rẹ̀.

Abidjan ti rí irú èrò yìí rí kí géèmù tó dé. Lẹ́yìn òmìnira, Moshe Mayer, oníṣòwò ọmọ Ísírẹ́lì, kọ́ Hôtel Ivoire sí Cocody. Ó ṣí i ní 1963, hòtẹ́ẹ̀lì náà sì wá ní ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí yìnyín ní ilẹ̀ olóoru. Mayer kò dúró síbẹ̀. Òun àti àwọn ayàwòrán ilé, William Pereira láti California àti Thomas Leitersdorf, pète ìlú tuntun odidi sí etí ọ̀sà lápá ìlà-oòrùn, wọ́n pè é ní Riviera Áfíríkà. Wọ́n ní yóò gba nǹkan bí 120,000 èèyàn, pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì, pápá gọ́ọ̀fù àti ilé ìgbafẹ́ létí omi. Lójú mi, ìlú àfinúrò tó tóbi jù tí ọ̀sà náà tíì rí nìyẹn, orí bébà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀. Díẹ̀ ló di ilé. Àwọn tó wá lẹ́yìn kọ́ ìyókù ní tiwọn, orúkọ Riviera 2 àti Riviera 3 sì wà lẹ́nu awakọ̀ takisí títí dòní. Àmọ́ Anono, M'Pouto àti M'Badon ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mú rúlà. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní Hôtel Ivoire tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, Blokosso ló máa kàn, abúlé Ébrié tí òórùn ẹja sísun ti ń pàdé ẹni lọ́nà. Omi kan náà ni ilé gogoro hòtẹ́ẹ̀lì àti abúlé yìí jọ ń wò. Mi ò tíì rí ìlú etí omi nínú géèmù kankan tí irú àdúgbò méjì bẹ́ẹ̀ ti jọ ń wo omi pọ̀.

Lóòótọ́, lọ́dún 2020, àfikún kan tí wọ́n pè ní Sunset Harbor mú iṣẹ́ ẹja pípa wọ Cities: Skylines. Inú mi dùn sí i, nítorí bí omi bá dọ̀tí níbẹ̀, ẹja náà á bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni ẹja pípa yẹn. Èèyàn á ra èbúté ìpẹja, á fa ọ̀nà ọkọ̀ lójú omi, owó á máa wọlé. Kò sí ìdílé tó ni ibi tí wọ́n ń ju àwọ̀n sí, kò sí àgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi kí wọ́n tó kọ́ afárá.

Ọ̀nà tí géèmù náà ń gbà pín ilẹ̀ náà kò tó. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, àwọ̀ ewé ni ilé gbígbé, búlúù ni ṣọ́ọ̀bù, yẹ́lò ni iléeṣẹ́, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ bọ́ sínú èkejì. Kí la máa wá fi kun Treichville? Agboolé tí wọ́n ń pè ní cour commune ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, yàrá yí àgbàlá kan ká, ẹ̀rọ omi kan wà láàárín. Ìyá kan ń se attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, lẹ́nu ọ̀nà, aránṣọ wà ní yàrá iwájú, ọmọ ìyá náà sì ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agbòòrùn. Ẹni tó dàgbà sí agboolé ní Ìbàdàn kò nílò àlàyé. Ẹ̀dà kejì tó jáde ní oṣù kẹwàá 2023 ti gba kí ilé àti ṣọ́ọ̀bù jọ wà nínú ilé kan, ìtẹ̀síwájú sì ni.

Bí àwọn agbágéèmù ṣe ń pàtẹ ìlú wọn ló tún ń dùn mí. Láti ojú òfuurufú ni kámẹ́rà ti máa ń bọ̀, nírọ̀lẹ́, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí á fi yí ilé gogoro po. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì ìkíni ṣe ń fi Plateau hàn láti Cocody, pẹ̀lú La Pyramide tí Rinaldo Olivieri kọ́ ní 1973 àti Tour F tí wọ́n pète pé kó ju 400 mítà lọ. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti inú bateau-bus, ọkọ̀ ojú omi tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò SOTRA ti ń ná láti 1980, ojú tí èèyàn fi ń rí Plateau yàtọ̀: ìsàlẹ̀ afárá, kòtò omi ẹ̀gbin, ewéko omi tó bo etí ọ̀sà, èjìká ẹni tó jókòó níwájú. Àfikún Mass Transit ti fún àwọn agbágéèmù ní irú ọkọ̀ yìí láti 2017. Kí ló dé tí àwọn tó ń ya fídíò kì í fi gbé kámẹ́rà sínú rẹ̀?

Bodys Isek Kingelez mọ iyì ìsàlẹ̀ ju wọn lọ. Ọmọ Kóńgò ni, Kinshasa ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 2015, bébà, páálí, ìdérí ìgò àti agolo ohun mímu ló sì fi kọ́ àwọn ère ìlú rẹ̀. Òun àti Frédéric Bruly Bouabré ti Côte d'Ivoire jọ wà nínú àfihàn Magiciens de la terre ní Paris ní 1989. Ó parí Ville Fantôme ní 1996, ìlú tó ní kò nílò ọlọ́pàá tàbí sójà. Nígbà tí ilé ọnà MoMA ní New York pàtẹ rẹ̀ ní 2018, wọ́n fún àwọn òǹwòran ní awò oníkọ̀ǹpútà kí wọ́n lè bọ́ sí ojú pópó ìlú náà, kí wọ́n gbójú sókè wo ilé tí wọ́n ti ń wò láti òkè tẹ́lẹ̀. Ìlú páálí náà gba kí èèyàn wọ inú rẹ̀, nítorí ẹni tó gé ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ro ẹni tó máa gba ibẹ̀ wọlé.

Bọ́tìnnì kan wà nínú géèmù tí mi ò lè dákẹ́ lé lórí, ìyẹn katapílà. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á fọwọ́ kan ilé, ilé á wó, ariwo kékeré á dún, ó parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, katapílà gidi wọ Boribana ní Attécoubé, létí ọ̀sà, àti Gesco ní Yopougon, àwọn ìdílé sì ń sáré gbé bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò jáde. Àwa ọmọ Nàìjíríà kò gbàgbé Maroko ní oṣù keje 1990, nígbà tí wọ́n lé nǹkan bí 300,000 èèyàn kúrò létí ọ̀sà Èkó. Géèmù tó lè ṣírò bí ẹ̀gbin ṣe ń rìn nínú omi lè ṣírò ibi tí ìdílé kan sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wó ilé wọn. Àwọn tó ṣe é ló yàn pé kó má ṣírò rẹ̀.

Ẹni tó ti yàn lọ́nà mìíràn ni Olalekan Jeyifous, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1977, tó ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn, tó sì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà níbi àfihàn ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní Venice ní 2023. Nínú Shanty Megastructures, ó fi kọ̀ǹpútà kọ́ ilé gogoro alápákó àti onípáànù sí ibi tí ilẹ̀ ti gbówó lórí jù l'Ékòó, ó gbé àwọn tí wọ́n máa ń lé kúrò síbi tí kò sẹ́ni tí kò ní rí wọn. Mo ní àríwísí kan sí i: òkèèrè lòun náà ṣì ti ń wò wọ́n. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ló fi ṣáájú, ilé ló wá tẹ̀ lé wọn. Àwọn agbágéèmù ní irinṣẹ́ láti ṣe irú rẹ̀, torí ọjọ́ tó pẹ́ ni wọ́n ti lè ya ilé tó wù wọ́n kí wọ́n sì pín in fún ara wọn. Kí ẹnì kan ní Abidjan ya cour commune, kó ya ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní pinasse, kó fi Blokosso lélẹ̀ kó tó fa títì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó wá wá ọ̀nà tí afárá máa gbà kọjá láìfọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni. Ìlú yẹn á nira láti kọ́ ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ń pàtẹ lọ.