Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá

Nígbà tí àìlera mú William Hartnell, olú òṣèré Doctor Who, eré àròsọ sáyẹ́ǹsì tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, Patrick Troughton ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1966. Wọn kò wá ẹni tó jọ ọ́. Nínú eré náà gan-an, ara Dókítà gbó, ó sì di ẹlòmíràn.

Hartnell le bíi bàbá àgbà. Troughton ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ń fọn fèrè. Kò sín aṣáájú rẹ̀ jẹ. Lójú tiwa, ohun tó mú eré náà tọ́jọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé ojú tó ti mọ́ni lára ṣòro í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìwà Dókítà, gbígba aláìlágbára sílẹ̀, ló yẹ kí á fi wọn ẹni tuntun, kì í ṣe ojú rẹ̀.